Ẹkún Kan Ṣoṣo Tí Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ Sun

Ọjọ́ tí a sin bàbá mi àgbà, ẹ̀rín ni àwọn èèyàn fi sìn ín dé ibojì. Mi ò purọ́, mi ò sì bù mọ́ ọn. Bí àwọn ọkùnrin ṣe gbé e jáde nínú aṣọ funfun, tí wọ́n fẹ́ kọjá gọ́tà tó wà níwájú ilé wa ní Ẹdẹ, ọmọkùnrin kan tí mi ò rí rí dìde lórí ọ̀kadà ẹ̀, ó kígbe pé, "Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, ẹ̀kọ ti tutù o!" Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ààfáà tó ń ṣe àdúà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká àwọn tó gbé òkú ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe ẹkún ló ń gbọ̀n wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń sọ fún mi pé bí aráàlú ṣe ń yẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ràn sí nìyẹn. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ aráàlú.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìyá mi àgbà jókòó lórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Àwọn obìnrin agbo ilé ń yọjú wò ó, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń gbálẹ̀, bí ẹni ń wá ọmọ. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni bóyá omi máa bọ́ lójú ẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí Ìyá ti sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé ọjọ́ tí ọkọ òun bá kú, òun ò ní sunkún ẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Èmi náà fẹ́ mọ̀, kí n má tan ara mi.

Ẹni tó bá ń wá ọjọ́ ìbí Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ àti iye ìlú tó ti ṣeré, kó lọ bi àwọn tí wọ́n jọ rìn. Ilé ni mo ti mọ̀ ọ́n ní tèmi. Ìyá mi, Rìsí, ni àkọ́bí ẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ gbé ìyá mi lọ sí Kàdúná, ọ̀dọ̀ Bàbá àti Ìyá ló fi mí sí, ibẹ̀ ni mo sì gbé dàgbà. Orúkọ tí wọ́n sọ Bàbá gan-an ni Múráínà. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣubú sínú ẹrẹ̀ nínú eré ìtàgé kan, kò rí ibi dìde, ó ń yọ̀, ó ń ṣubú, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí àga fi kán mọ́ ọkùnrin kan lábẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Ẹrẹ̀ náà ò sì kúrò lára ẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ò mọ̀ fún yín. Bàbá kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín nílé. Ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta kó má sọ ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ. Ògiri ló máa ń kọjú sí jẹun. Mo bi í léèrè nígbà kan, ó ní bí òun bá ti ń jẹ ẹran ni àwọn èèyàn á máa wo ẹnu òun, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, òun ò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín nínú ẹran jíjẹ. Tí àlejò bá dé, tó sọ pé kí Bàbá dá àpárá kan fún òun, kó mi etí ẹ̀ méjèèjì bó ṣe máa ń mì í lórí ìtàgé, Bàbá á wò ó títí ojú á fi ti onítọ̀hún. Á wá ní, "Ilé kọ́ ni orí ìtàgé." Gbólóhùn yẹn ló fi ń pa rédíò, òun náà ló fi ń lé àlejò.

Ní mọ́sálásí àdúgbò, Ìmáàmù fúnra ẹ̀ ló wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó máa dúró ní sàfù, ìlà ìrun, tó kẹ́yìn pátápátá. Ó ní tó bá ti wà níwájú, tó bá ti forí kanlẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ni àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn á máa rín, àwọn bàbá wọn náà á sì máa fi ìkọ́ bò ó. Bàbá ò bá a jà. Ẹ̀yìn ló ti ń kí ìrun títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún un, ó délé, ó bọ́ fìlà, ó sọ fún Ìyá pé, "Ó wá ku ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Bóyá òun náà á rẹ́rìn-ín."

Ayé ìjọba ológun ni nígbà náà. Wọ́n ní kí gbogbo ìlú fún ìgbànú mọ́ra, àwọn tó ń sọ ọ́ sì ń sanra sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn sójà dá ọkọ̀ àwọn òṣèré dúró nítòsí afárá Ọ̀ṣun, wọ́n ní iná ọkọ̀ kan ò ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí Bàbá sọ̀kalẹ̀, kó di etí mú, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún! Àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà dúró, wọ́n rò pé eré ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan tiẹ̀ ju owó sí i. Nígbà tó délé, Ìyá ń fi omi gbígbóná jó orúnkún ẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Ká ní àwọn sójà yìnbọn lù mí ni, àwọn èrò yẹn ì bá ní kí n tún un ṣe."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ irú èèyàn tó jẹ́ kí n tó sọ ohun tó ṣe. Mo ń bínú sí i. Mo ti ń bínú sí i láti kékeré, ikú ẹ̀ ò sì mú un kúrò. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ bá mi bínú sí i kí ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ kan wà lẹ́yìn ìyá mi, Àníkẹ́ ni wọ́n ń kì í. Mi ò bá a láyé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí ibà kì í mọ́lẹ̀. Bàbá wà nínú ìrìn àjò eré lọ́nà Ìlọrin, kò sí ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ránṣẹ́ sí i kíákíá. Àníkẹ́ kì í mu ẹ̀kọ gbígbóná. Tí ooru bá ṣì ń rú lójú ẹ̀kọ, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá nìkan ló wà pẹ̀lú ẹ̀ nínú yàrá. Ó jókòó ti ẹní tí ọmọ wà, ó ń da ẹ̀kọ láti inú ife kan sí èkejì, láti inú èkejì sí ti àkọ́kọ́, kó lè tutù. Nígbà tó tutù, ó pe ọmọ. Ọmọ ò dáhùn. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó mú, wọn ò sì jẹ́ kí Ìyá mọ ibi tí wọ́n sin ín sí, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ìyá ọmọ.

Ọjọ́ kejì ni Bàbá dé. Àwọn ará ilé ti pé jọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, àgbà kan ló sọ fún un. Ìyá mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, wà níbẹ̀, òun ló sọ èyí fún mi nígbà tí mo ti dàgbà. Ó ní Bàbá ya ẹnu láti sunkún, ojú ẹ̀ fún pọ̀, etí ẹ̀ méjèèjì sì mì. Ìyàwó ilé kan bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó fi gèlè bo ojú, ó sá wọlé. Ṣùgbọ́n Bàbá ti gbọ́. Ó pa ẹnu dé. Kò sunkún lọ́jọ́ náà, kò sunkún lọ́jọ́ kejì ẹ̀, wọn ò sì rí i kó sunkún mọ́. Ìyá mi ní bó ṣe pa ẹnu dé yẹn ló ń ba òun lẹ́rù títí di òní.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pe Àníkẹ́ nílé wa. Ọmọ àbúrò Bàbá kan tí wọ́n ń kì ní Àníkẹ́, Bísí là ń pè é tó bá wá kí wa. Ìyá ò sì se ẹ̀kọ mímu mọ́. Kò sè é fún èmi rí, kódà tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀. Ohun tó sọ fún ọmọ ẹ̀ nínú yàrá yẹn, kò sọ ọ́ fún ìyá tó bí i, kò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́, nígbà tí Bàbá bi í léèrè, Bàbá nìkan ló sì sọ ọ́ fún.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ọkùnrin kan wá láti Ìbàdàn, tó ní òun fẹ́ ṣe sinimá. Eré ìtàgé ti ń kú lọ. Náírà ti já wálẹ̀, epo ti wọ́n, ẹni tó ń wá gààrí tí ọmọ ẹ̀ máa jẹ ò ní ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ẹgbẹ́ Bàbá ti dúró lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé wa, adìẹ ti ń yé sí abẹ́ àga dírẹ́bà.

"Bàbá, mi ò wá torí àwàdà o," ọkùnrin náà wí. "Bàbá kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣe. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ ẹ̀ ṣàìsàn, oògùn ò sí nílé ìwòsàn, ọmọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀."

Bàbá wò ó dáadáa. "Ta ló sọ fún yín pé mo lè sunkún?"

"Mo rí ojú yín lẹ́yìn eré yín kan ní Ìbàdàn, níbi tí ẹ ti ń pa àtíkè rẹ́. Ojú yẹn ni mo fẹ́."

Háà, inú Bàbá dùn! Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Kò mọ̀wé kà dáadáa, èmi ni mo ń ka ìwé eré náà fún un láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́, òun á sì máa sọ ọ́ tẹ̀ lé mi. Fọláṣadé ni wọ́n pe ọmọ inú eré náà. A dé ibi tí bàbá ọmọ ti ní, "Fọláṣadé, ọmọ mi, kí ló dé tí o fi fi mí sílẹ̀ lọ?" Bàbá mirí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń sọ̀rọ̀ tí ọmọ bá kú."

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, Bàbá?"

Ó ní kí n ṣí ojú ìwé mìíràn. Nígbà tí a kà á tán, ó fi ọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Àdùkẹ́, mo fẹ́ kí Ẹdẹ wò mí lẹ́ẹ̀kan péré kí wọ́n má rẹ́rìn-ín."

Alájùé, lẹ́bàá Ẹdẹ, ni wọ́n ti ya ibi tí ọmọ ti kú, nínú ilé àgbẹ̀ kan. Bàbá fúnra ẹ̀ ló sọ bó ṣe lọ fún mi, nígbà tí mo ti tó ẹni tó lè bi í. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ọmọkùnrin tó di iná mú bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Ní ìgbà kejì, ẹni tó ń ya àwòrán gan-an ló rẹ́rìn-ín, ó ní etí ni, etí yẹn ni. Olùdarí wá bá Bàbá, ó rọra sọ fún un pé fíìmù tó kù nínú ẹ̀rọ ò tó nǹkan mọ́, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, bí náírà sì ṣe wà yìí, òun ò lè rí òmíràn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Bàbá ní kí wọ́n bá òun wá ẹ̀kọ gbígbóná àti ife méjì. Kò sí ẹ̀kọ kankan nínú ìwé eré náà, ìyàwó àgbẹ̀ yẹn ló sáré sè é.

Ohun tó sọ nínú ilé yẹn, ẹ máa gbọ́ ọ láìpẹ́. Ó ní nígbà tí òun sọ ọ́ tán, ẹnikẹ́ni ò mira, ìyàwó àgbẹ̀ jókòó sílẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán ń sunkún, kò rántí pa ẹ̀rọ. Ó ní òun náà sunkún débi pé wọ́n ní láti gbé òun dìde. Wọ́n ní orúkọ tó pè kì í ṣe Fọláṣadé, ṣùgbọ́n olùdarí ní kò burú, àwọn èèyàn á rò pé oríkì ọmọ náà ni. Bàbá sọ fún mi pé òun ò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu òun. Irọ́ ni. Ẹni tí ò mọ̀ ò ní béèrè ife méjì.

Èyí tó dùn mí jù nìyí: ó délé, kò sọ fún Ìyá. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ṣe sinimá náà tán, inú ilé kan náà ni wọ́n jọ wà, kò sọ nǹkan kan. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó wá wò ó. Ìyá kì í lọ wo eré ẹ̀, kò lọ rí. "Ìyá Rìsí, ẹ̀ẹ̀kan péré," Bàbá ń wí. "Èyí ò ní ẹ̀rín nínú. Wá wò mí." Ìyá gbà. Ó lo aṣọ òfì tó lò níbi ìgbéyàwó ìyá mi, ó fà mí lọ́wọ́, a lọ sí gbọ̀ngàn ìlú.

Wọ́n ta aṣọ funfun sí ògiri. Gbọ̀ngàn kún débi pé àwọn kan gun fèrèsé. Bí Bàbá ṣe yọ báyìí, tí kò tíì sọ nǹkan kan, tó kàn bọ́ fìlà, ẹ̀rín ti sọ. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní oògùn ò sí, wọ́n ń na ara wọn lẹ́yìn. Bàbá fúnra ẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó di fìlà ẹ̀ mú pinpin. Mo rí Ìyá tó ń wo ẹ̀yìn, tó ń wò ó, àánú ọkọ ẹ̀ ń ṣe é. Ó ní kí àwọn tó wà níwájú wa jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí á gbọ́ ohun tí bàbá yẹn ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni Bàbá jókòó ti ẹní kan lórí aṣọ funfun yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ẹ̀kọ láti inú ife kan sí èkejì. Ọwọ́ Ìyá di mọ́ tèmi.

"Àníkẹ́," Bàbá wí. Ó dákẹ́. "Àníkẹ́, ẹ̀kọ ti tutù. Dìde, wá mu ún."

Etí ẹ̀ mì. Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ mọ́ títí dòní. Àwọn èèyàn ń ju fìlà sókè. Ẹnì kan já bọ́ lórí fèrèsé. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni mí, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, etí bàbá mi àgbà ń mì, mi ò sì tíì mọ ẹni tó ń jẹ́ Àníkẹ́. Ìyá wo ojú mi. Ó yọ ọwọ́ ẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó dìde, ó gba àárín èrò kọjá lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lójú gbogbo agbo ilé, ó lọ bá Bàbá níbi tó ti ń fọ ojú.

"Ta ni mo sọ ọ́ fún?"

Bàbá tún bu omi sójú.

"Mo ní ta ni mo sọ ọ́ fún! Ìyá tó bí mi, mi ò sọ ọ́ fún un. Ìwọ nìkan. Ìwọ nìkan, Múráínà!" Kò pè é lórúkọ rí, kò sì bá a sọ ìwọ rí.

"Ọmọ tèmi náà ni," Bàbá wí. Omi ṣì wà ní irùngbọ̀n ẹ̀. "Ìgbà wo ni ẹ jẹ́ kí n sunkún ẹ̀? Ọjọ́ tí mo délé, ṣé ẹ jẹ́ kí n sun ún? Ibi kan ṣoṣo tí mo ti rí i sun láyé mi nìyẹn. Ẹkún mi ni!"

"Ẹkún rẹ wo? Ṣé o wà níbẹ̀? Ṣé ìwọ lo da ẹ̀kọ láti ife dé ife? Ẹkún tèmi lo jí sun. O wá gbé e lọ fún wọn kí wọ́n lè rí nǹkan fi ṣẹ̀rín. Wọ́n fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín!" Ó yíjú sí gbogbo wa. "Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín. Ọjọ́ tí ọkùnrin yìí bá kú, mi ò ní sunkún ẹ̀. Ẹkún mi ti tán. Ó ti jí i gbé."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ yẹn ti gba ìgboro. Bí wọ́n bá mú iná lọ, "Àníkẹ́, ẹ̀kọ ti tutù!" Bí èrò ọkọ̀ bá pẹ́ dé gáráàjì, "Àníkẹ́, ẹ̀kọ ti tutù!" Bí ìjọba bá tún fi owó kún owó epo, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nìyẹn, wọ́n á sì máa fi ọwọ́ mi etí bíi tiẹ̀. Ìyá ní tábìlì kan níwájú ilé, ó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnnì. Àwọn ọmọ tó ń ti ilé ẹ̀kọ́ bọ̀ á pariwo ẹ̀ sí i, torí ìyàwó Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ni. Wọn ò mọ nǹkan kan, mo mọ̀ pé wọn ò mọ nǹkan kan. Ìyá gbé tábìlì náà wọlé, kò sì gbé e jáde mọ́.

Bàbá lọ sí Ìbàdàn láti bẹ olùdarí pé kó yọ ibẹ̀ kúrò. Ọkùnrin náà ní òun ò lè yọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn ń tìtorí ẹ̀ wá. Bàbá fi ẹsẹ̀ rìn láti gáráàjì dé ilé. Kò gba ipa ẹkún mọ́ láyé ẹ̀. Ó padà sí ẹrẹ̀.

Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ǹ bá má bínú tó báyìí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé ẹ̀kọ́ wa pè é síbi ayẹyẹ ìparí ọdún. Ó ṣe àwàdà ẹ̀ tán, àwọn ọmọ ò jẹ́ kó lọ. Wọ́n ń lu bẹ́ǹṣì. "Àníkẹ́! Àníkẹ́!" Bàbá fi ojú wá mi láàárín èrò, ó rí mi. Mo mi orí pé rárá. Ó sọ ọ́, ó sì mi etí fún wọn. Kóńgò ìrẹsì méjì ni wọ́n fún un lọ́jọ́ náà, ìrẹsì sì ti di nǹkan ọdún nílé wa. A ń lọ sílé, òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tí mi ò bá sọ ọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀." Ìyá se ìrẹsì náà. Kò bi wá níbi tó ti wá. Mo jẹ ẹ́, mo tún bu sí i.

Ìyá ò kúrò nílé ọkọ ẹ̀. Ó ń se oúnjẹ ẹ̀, ó ń fọ aṣọ ẹ̀, ṣùgbọ́n kò bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n ń gbà sọ ọ́. "Àdùkẹ́, sọ fún bàbá rẹ pé omi ti gbóná." Bàbá sì jókòó síbẹ̀ tó ń gbọ́. "Àdùkẹ́, sọ fún ìyá rẹ pé mo ti gbọ́." Nígbà tí mo lọ kàwé, mo rò pé wọ́n á kúkú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mo délé lọ́jọ́ kan láìsọ tẹ́lẹ̀, mo bá Ìyá tó dojú kọ ògiri, tó ń sọ fún ògiri pé oúnjẹ ti délẹ̀.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Bàbá. Ohùn lọ, ẹ̀gbẹ́ ojú kan wó lulẹ̀, etí ò mì mọ́. Àwọn tó wá kí i ṣì ń pa ẹ̀rín mọ́ra, ẹ gbà mí o! Dókítà ní nǹkan olómi nìkan ló lè gbé mì. Ìyá tí kò se ẹ̀kọ mímu láti bí àádọ́ta ọdún dá iná, ó po ògì, ó sè é. Ó jókòó tì í, ó ń dà á láti ife kan sí èkejì títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, á wá máa fi ṣíbí fún un. Kò sọ̀rọ̀. Bàbá á máa wo ẹnu ẹ̀. Gbogbo wa mọ ohun tó ń dúró dè lẹ́nu yẹn. Mo máa ń sọ nínú ọkàn mi pé, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ nǹkan kan fún un.

Mo wọlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Ìyá tó ń da ẹ̀kọ. Mo wo Bàbá, mo mọ̀. Ìyá náà mọ̀, ó ṣì ń dà á. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ife náà, ẹ̀kọ ti tutù. Ó ya ẹnu. Mo di ògiri mú, mo ń retí ẹ̀. Ó pa ẹnu dé, ó gbé ife náà, ó mu ẹ̀kọ náà tán títí dé ìsàlẹ̀ ife.

"Lọ pe àwọn ọkùnrin," ó wí.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sin Bàbá tán, tí èrò ti túká, mo lọ jókòó sílẹ̀ níwájú àpótí tí Ìyá wà. Ojú ẹ̀ gbẹ.

"Ìyá, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Nínú gbọ̀ngàn. Ẹ forí jì mí."

"Ọmọdé ni ọ́. Mo ti forí jì ẹ́ kí n tó délé lọ́jọ́ náà."

"Bàbá ńkọ́?"

Ọ̀kadà kan kọjá níta.

"Bàbá rẹ ò sí nínú yàrá lọ́jọ́ tí ọmọ mi lọ," ó wí. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ ọ́ fún un, mo sì fi ìkánjú sọ ọ́, mi ò fi ohùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ ọ́ lórí aṣọ funfun yẹn, ohùn mi ni mo gbọ́, Àdùkẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọmọ mi gẹ́lẹ́ ni. Ibi tí mo ti dákẹ́, ibẹ̀ ló ti dákẹ́." Ó nu ẹnu ẹ̀ pẹ̀lú etí ìró. "Ká ní kò mọ̀ ọ́n sọ ni, ǹ bá ti dárí jì í tipẹ́."